Ọ̀RỌ̀ ALẸ́ ỌJỌ́ ÀÌKÚ: ÀWỌN ÀGBẸ̀ ARÁ DẸ́NMÁÀKÌ NÍ AMẸ́RÍKÀ, ÀTI TA NI YÓÒ JÓKÒÓ SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ WA

(Alákòóso ẹgbẹ́ ló fi ohùn sọ ọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà.)

OHÙN KÌÍNÍ



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè ọ̀rọ̀ níbí. Ó ní òun ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn odi, ọmọ òun mẹ́rin, kò sí èyí tó fẹ́ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí èyí tó lè fi Yorùbá kí bàbá àgbà rẹ̀ délẹ̀. Ó ní ta wá ni òun ń ṣe wàhálà yìí fún? Ọ̀pọ̀ yín dá a lóhùn. Àwọn kan ní kó ta gbogbo rẹ̀ kó máa lọ sílé. Àwọn kan ní kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, ó kan gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá nǹkan tó nítumọ̀ sọ sí i.

Ìtàn àwọn ẹlòmíì tó rìn jìnnà jù wá lọ ni mo fẹ́ sọ: àwọn àgbẹ̀ tó kúrò ní Dẹ́nmáàkì lọ sí Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ wọn, àti ọmọ ọmọ wọn. Ẹ má sọ pé kí ló kan oníṣòwò pẹ̀lú àgbẹ̀ òyìnbó. Oko ni ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Dẹ́nmáàkì kò tóbi. Òkè Jámánì ló wà, omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Láti nǹkan bí 1850 títí dé nǹkan bí 1920, àwọn tó kúrò níbẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà tó 300,000. Kí ló gbé wọn nílé? Nǹkan mẹ́ta ni.

Ìkíní, ilẹ̀. Oko bàbá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ fún ọmọ. Ọmọ kan ló ń gba oko, àwọn tó kù á di alágbàṣe lóko olóko. Ọmọ márùn-ún, oko kan. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Ìkejì, ogun. Ní 1864, Prussia, tó wá di olórí Jámánì lẹ́yìn náà, pẹ̀lú Austria, ṣẹ́gun Dẹ́nmáàkì, wọ́n sì gba Schleswig lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì tó ń gbé níbẹ̀ sùn ní ọmọ onílẹ̀, wọ́n jí ní ará ìlú ẹlòmíì. Wọ́n wá ń mú àwọn ọmọkùnrin wọn wọṣẹ́ ológun Prussia. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sá lọ. Ó di 1920 kí apá àríwá ilẹ̀ náà tó dìbò, kó sì padà sọ́dọ̀ Dẹ́nmáàkì.

Ìkẹta, lẹ́tà. Ẹni tó ti lọ á kọ̀wé sílé, nígbà míì á fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tó ti sanwó rẹ̀ sínú àpò ìwé náà. Àbúrò á tẹ̀ lé e, àfẹ́sọ́nà á tẹ̀ lé e, ọmọ aládùúgbò á tẹ̀ lé e. Àbí báwo ni àwa náà ṣe dé ibi tí a wà? Ta ni nínú wa tí ẹnìkan ò mú wọ ọjà?

OHÙN KEJÌ

Mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ forí jì mí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń pariwo yẹn.

Ní 1862, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Homestead Act. Òfin náà ní ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tàbí tó jẹ́ olórí ìdílé, lè gba éékà ilẹ̀ 160. Ó lè jẹ́ àlejò, bó bá ṣáà ti kọ̀wé sílẹ̀ pé òun fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo owó ìwé rẹ̀, dọ́là 18 ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, kó máa gbé ibẹ̀, kó sì dáko sí i fún ọdún 5, kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìkẹyìn.

Éékà 160, bí ẹni to pápá bọ́ọ̀lù 90 pọ̀ ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ní alágbàṣe gbọ́ irú èyí, ṣé á sùn?

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ kan, ká má tan ara wa. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Ní apá odò Loup ní Nebraska, àwọn Pawnee ló ni ín. Ìjọba fi ìwé àdéhùn gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ní 1857, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1870, wọ́n ti kó àwọn tó kù lọ sí ibi tí à ń pè ní Oklahoma lónìí. Àgbẹ̀ tó ti Dẹ́nmáàkì dé kọ́ ló lé wọn, ìjọba ni. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ ẹni tí wọ́n lé ló kọ́lé sí. Àwa tí à ń gbé láàrin onílẹ̀ lójoojúmọ́, a mọ ìdí tí kò fi yẹ ká fò ó.

Agbègbè yẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lars Hannibal kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Wisconsin ní 1871. Wọ́n sọ ìlú náà ní Dannebrog. Orúkọ àsíá Dẹ́nmáàkì nìyẹn. Ìlú náà ṣì wà títí di òní.

Nígbà tí wọ́n dé, igi ò sí. Pápá koríko lásán ni, títí ojú ò fi ríran mọ́. Wọ́n á fi ohun ìtúlẹ̀ gé ilẹ̀ tòun ti koríko àti gbòǹgbò rẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó, wọ́n á sọ ọ́ di ilé. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ kan lóde, á máa ro nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ejò ń já bọ́ láti òkè àjà. Torí igi ìdáná ò sí, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, koríko tí wọ́n lọ́ bí okùn, àti ṣuku àgbàdo ni wọ́n fi ń dáná.

Ní 1874, eṣú dé. Ẹ̀yin tó ti gbé Òkè Ọya pẹ́, ẹ mọ ohun tí eṣú ń jẹ́. Wọ́n bo oòrùn lójú. Wọ́n jẹ àgbàdo, wọ́n jẹ ewébẹ̀, wọ́n jẹ aṣọ tí wọ́n fi bo ewébẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ ọkọ́ jẹ torí òógùn èèyàn tó wà lára igi rẹ̀. Àwọn ọdún kan tẹ̀ lé e tí wọ́n tún padà wá.

Ní January 12, 1888, ilẹ̀ mọ́, ojú ọjọ́ rọ̀. Àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé láìwọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Kó tó di pé wọ́n jáde, ìjì yìnyín dé lójijì, èèyàn nawọ́, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó kú ní Nebraska, Dakota àti agbègbè rẹ̀ lé ní 200, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ọdún 5 tó pé. Àwọn tó dúró, kì í ṣe pé wọ́n lágbára ju àwọn tó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó dì wọ́n mú: ìwé. Wọ́n mọ̀ pé bí ọdún 5 bá pé, ìjọba á kọ orúkọ àwọn sórí bébà, ilẹ̀ náà á sì di ti ọmọ àwọn. Èèyàn lè fara da ejò lókè àjà bó bá mọ ọjọ́ tí yóò tán.

Ní 1969, ìjọba Busia ní Ghana ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa ló ti lo ogún ọdún níbẹ̀ láìgba bébà kankan, torí kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà léèrè ohun tí wọ́n gbé dé. Ìyàtọ̀ àárín ẹni tó níwèé àti ẹni tí kò ní kì í hàn lọ́jọ́ tí ara bá dẹ̀.

OHÙN KẸTA

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó wàyí.

Àlìkámà ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gbára lé. Rélùwéè ń kó o dé èbúté, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e lọ sí Yúróòpù. Àlìkámà Amẹ́ríkà wá pọ̀ débi pé, láti àwọn ọdún 1870, iye rẹ̀ já wálẹ̀ ní Yúróòpù. Ta ló forí fá a? Àwọn àgbẹ̀ tó kù sílé ní Dẹ́nmáàkì. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ọkà tí ọmọ ń gbìn lájò wà nínú ohun tó ń ba ọjà bàbá jẹ́ nílé.

Àwọn ará ilé ò jókòó sunkún. Wọ́n fi títa ọkà sílẹ̀, wọ́n kọjú sí wàrà, bọ́tà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní màlúù mẹ́ta ò lè ra ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà. Ní 1882, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Hjedding, wọ́n kówó jọ, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bọ́tà kan tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Kọ́párétífù nìyẹn, ohun tí àwa ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé wàrà rẹ̀ wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣe bọ́tà pọ̀, wọ́n á tà á pọ̀. Èrè, bí wàrà rẹ bá ṣe tó ni tìrẹ á ṣe tó. Ṣùgbọ́n nígbà ìdìbò, ẹni tó ní màlúù 50 àti ẹni tó ní 2, ìbò kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n ní orí èèyàn ni àwọn ń kà, àwọn kì í ka orí màlúù. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi kún gbogbo Dẹ́nmáàkì.

Ní Clarks Grove ní Minnesota, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Dẹ́nmáàkì ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Hans Peter Jensen, padà lọ sílé kí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò padà dé ròyìn ilé tó rẹwà nìkan. Ó padà dé pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní 1890, Clarks Grove ṣí ilé bọ́tà tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Haecker ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Minnesota rí i, ó gbé e káàkiri ìpínlẹ̀ náà, kí ó tó pẹ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ẹ̀yin tó ń ṣe àjọ, ẹ mọ̀ pé àjọ kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ tí owó pọ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá bu omi sí i ló ń bàjẹ́. Tiwọn náà, omi gidi ni! Àwọn kan ń bu omi sí wàrà kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ní 1890 kan náà, Stephen Babcock ní Wisconsin ṣe àyẹ̀wò kan tó rọrùn, tó ń fi iye ọ̀rá tó wà nínú wàrà hàn. Bí wọ́n ṣe wá ń sanwó lórí ọ̀rá dípò ìwúwo, omi ò lérè mọ́. Wọn ò ní láti bú olè, wọn ò ní láti bá a ja ìjà. Òṣùwọ̀n ni wọ́n tún ṣe.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kí àwọn ìyá wa. Owó ọkà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wọlé, gbèsè á sì ti dúró dè é. Ẹyin adìyẹ àti bọ́tà tí ìyàwó ń gbé lọ sọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ra iyọ̀, súgà, kọfí àti bàtà ọmọ. Ọdún tí eṣú jẹ oko tán, adìyẹ ló bọ́ ilé. Ọkùnrin tó bá ń fojú di tábìlì kékeré tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú ilé, kó gbọ́ o.

OHÙN KẸRIN

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa wà: èdè àti ọmọ.

Ní Dẹ́nmáàkì látijọ́, ọmọ Jens ni wọ́n ń pè ní Jensen, ọmọ Hans ni Hansen. Nígbà tí wọ́n kóra jọ sí ìlú kan ní Amẹ́ríkà, Jensen pọ̀, Hansen pọ̀, débi pé lẹ́tà ń ṣìnà. Àwọn kan ní láti yí orúkọ padà kí ìwé wọn lè dé ọwọ́ wọn.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń sọ èdè bàbá nílé, wọ́n ń sọ òyìnbó nílé ìwé. Àwọn àgbà rí i pé bí wọn ò bá ṣe nǹkan, èdè náà á tán. Ní Elk Horn ní Iowa, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní 1878, irú èyí tí wọ́n ní nílé, tí kò sí ìdánwò níbẹ̀. Ìtàn, orin, ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní 1887, F. L. Grundtvig dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Dansk Folkesamfund, kí àwọn ará Dẹ́nmáàkì lè máa tẹ̀dó pa pọ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ Danevang dó ní Texas ní 1894 nìyẹn, tí wọ́n ti wá kọ́ gbígbin òwú, ohun tí bàbá wọn ò rí rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Askov ní Minnesota, ní 1906.

Lẹ́yìn náà ni ìjà ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ní 1894, ìjọ Lútérì ti àwọn ará Dẹ́nmáàkì pín sí méjì. Apá kan ní kò sí aburú nínú ijó, orin àti àṣà ilé. Apá kejì ní ijó àti káàdì, ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ni. Àwọn èèyàn ń pe àwọn ti ìṣáájú ní Aláyọ̀, wọ́n ń pe àwọn kejì ní Ẹni Mímọ́. Elk Horn wà lápá kan, Kimballton wà lápá kejì, ìrìn máìlì mẹ́ta péré ló wà láàrin wọn. Èèyàn kan náà, èdè kan náà, wọn ò jọ jó mọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ti pín sí méjì nítorí ipò alága, ẹ mọ ara yín. Mi ò dárúkọ.

Ní May 23, 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Gómìnà William Harding ti Iowa pàṣẹ pé òyìnbó nìkan ni kí wọ́n máa sọ nílé ìwé, ní gbangba, nínú ọkọ̀ ojú irin, lórí tẹlifóònù, títí kan ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jámánì ni wọ́n ń bá jà, ṣùgbọ́n ará Dẹ́nmáàkì náà kó sínú rẹ̀. Ẹ ro ó wò: àwọn kan lára wọn sá fún iṣẹ́ ológun Jámánì, wọ́n wá dé ibi tí wọ́n ti ń fura sí wọn pé wọ́n jọ Jámánì. Ìyá arúgbó tí kò gbọ́ òyìnbó, kò lè gbọ́ ìwàásù lédè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó fi owó ẹyin rẹ̀ kọ́.

Wọ́n fagi lé àṣẹ náà ní December ọdún kan náà, lẹ́yìn tí ogun parí. Kò ju oṣù mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n òbí tí ẹ̀rù ti bà kì í tún pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ sọ òyìnbó. Àwọn ọmọ ń fẹ́ ọmọ Sweden, ọmọ Ireland, ọmọ Jámánì. Ìran kẹta ń gbọ́, wọn ò lè fèsì. Ìran kẹrin, orúkọ oúnjẹ ló kù lẹ́nu wọn.

Ní 1975, àwọn ará Elk Horn dá owó jọ, wọ́n ra ọlọ kan tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọ́n kọ́ ní Nørre Snede ní Dẹ́nmáàkì ní 1848. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó o gba orí òkun, wọ́n sì tún un tò ní Iowa títí di 1976. Ó ṣì dúró níbẹ̀, àwọn èèyàn ń wá wò ó. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọlọ ṣe é rà, èdè ò ṣe é rà.

OHÙN KARÙN-ÚN

Kí ló wá gbé oko dé ọwọ́ ọmọ ọmọ? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkà wọ́n, ilẹ̀ náà sì wọ́n. Báǹkì ń rọ àgbẹ̀ pé kó wá yáwó. Ọ̀pọ̀ fi oko tí bàbá fi ejò àti eṣú gbà dúró, wọ́n fi ra òmíì. Láti 1920, iye ọkà já. Gbèsè ò já. Ní 1932, àgbàdo pọ́ọ́kú débi pé àwọn kan ní Iowa ń fi í dáná dípò èédú. Báǹkì ń gba oko, wọ́n ń lu gbàǹjo. Ẹni tó ni ín lánàá á wá di ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ Nebraska àti Iowa wá dọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ẹrù aládùúgbò ní gbàǹjo, gbogbo àdúgbò á lọ. Màlúù kan, ẹnìkan á ní òun san sẹ́ǹtì 5. Kò sẹ́ni tó máa fi kún un. Àjèjì tó bá fẹ́ lanu, wọ́n á wò ó lójú, á mọ̀ pé ó yẹ kó dákẹ́. Wọ́n á ra gbogbo ẹrù ní owó kékeré, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá inú ilé ń bẹ tó ju báǹkì lọ: bàbá tí kò sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá kú láìsí ìwé ìhágún, òfin á pín ilẹ̀ fún ìyàwó àti gbogbo ọmọ. Éékà 160 fún ọmọ mẹ́fà, kò sí èyí tó lè jẹun lórí tirẹ̀. Ọ̀kan ní Chicago fẹ́ owó, ọ̀kan ní California fẹ́ owó. Wọ́n á tà á. Ẹjọ́ á jẹ díẹ̀, ìbínú á jẹ ìyókù.

Àwọn ìdílé tí oko wọn dúró, bàbá ti sọ ọ́ nígbà tó wà láàyè. Nílé, ní Dẹ́nmáàkì, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní aftægt: arúgbó á fa oko lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ náà á fún un ní yàrá, oúnjẹ àti igi ìdáná títí yóò fi kú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yí i díẹ̀. Bàbá á yan ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ọmọ náà á máa san díẹ̀díẹ̀ fún àwọn yòókù títí yóò fi ra ìpín wọn. Bàbá àti ìyá á kó lọ sí ilé kékeré láàrin ìlú, wọ́n á fi oko sílẹ̀ fún ọ̀dọ́. Ohun tó le jù nínú rẹ̀ ni kí bàbá kúrò lóòótọ́, kó má máa wá pàṣẹ láràárọ̀.

Síbẹ̀ kò rọrùn fún gbogbo wọn. Ní 1935, oko tó wà ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 6.8. Lónìí, wọn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 lọ. Tírákítọ̀ jẹ́ kí èèyàn kan ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá, ẹni tó tóbi ń ra ẹni tó kéré. Ní Iowa, éékà kan tó jẹ́ dọ́là 2,147 ní 1981 di dọ́là 787 ní 1986. Àwọn tó yáwó ní èlé gíga láàrin ọdún wọ̀nyẹn, oko ìran mẹ́rin bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, láti 1976 ni Iowa ti ń fún ìdílé tó bá ti pé 100 ọdún lórí oko kan ní àmì ẹ̀yẹ. Orúkọ Jensen, Hansen, Petersen kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

OHÙN KẸFÀ

Kí n má pẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí, ohun tí wọ́n fà lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn ṣì là, ọmọ gbà á. Ìwé ilẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ. Ọgbọ́n kọ́párétífù dé ọwọ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n rò pé ọmọ á kàn jogún fúnra rẹ̀, bí èdè, kò dé ibi kankan. Kò sí ohun tó ń jogún ara rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àyágbé, kó mọ ibi tí ìwé àdéhùn wà, kí ọmọ rẹ̀ kan náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ra ilẹ̀ níbi tó ń gbé, kó wá lọ́yà, kó ṣe ìwé tó dúró, kó má fọkàn tán ọ̀rẹ́ ẹnu. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin tí kò sí èyí tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kó béèrè lọ́wọ́ wọn dáadáa, kó má kàn rò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ ọjà, òun náà lè máa ra ṣọ́ọ̀bù náà díẹ̀díẹ̀, kí owó máa wọlé fún yín lọ́jọ́ ogbó. Ìyẹn náà sàn ju pé kí ẹ kú, kí onílé wá fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ti ilẹ̀kùn.

Ti èdè, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ máa bá ọmọ sọ Yorùbá níwájú ọjà àti lórí oúnjẹ. Ọmọ tó gbọ́ Hausa lọ́jà, tó gbọ́ òyìnbó nílé ìwé, orí rẹ̀ gba Yorùbá pẹ̀lú. Kò wúwo fún un. Àwa ló ń wúwo fún.

Ti ilé tí à ń kọ́ sílé, ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Ní 1912, àwọn ọmọ Dẹ́nmáàkì ní Amẹ́ríkà fi òkè àti pápá kan tí wọ́n dáwó rà ní Rebild ta ìlú wọn lọ́rẹ, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé kí wọ́n lè máa pàdé níbẹ̀ ní gbogbo July 4. Títí di òní wọ́n ń pàdé. Ohun tí gbogbo ìlú ń lò ni. Àwa ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá tí àlàǹgbá ń sùn nínú rẹ̀, ọmọ wa ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ká ronú sí i.

Ẹni tó bá ní ìdáhùn, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi àwòrán àti ìpolówó ọjà dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ títí di ọ̀la. Ẹni tó bá mọ lọ́yà tó ṣe é gbẹ́kẹ̀lé ní ìlú tó wà, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, èmi á tò ó jọ fún gbogbo wa. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa, ọjà á tà. Ó dàárọ̀ o.